Ọgbọ̀n Ọdún Lẹ́nu Iṣẹ́ Kòkó: Ẹ Kú Oríire, Ẹ̀yin Tó Tọ́jú Hilux Ilé Wa

Ẹ kú oríire o! Ẹ̀yin ará Àlàdé, ẹ̀yin ará Odòde, ẹ̀yin ará Atòsìn, gbogbo Ìdànrè, ẹ bá wa yọ̀! Bàbá wa, ẹ kú oríire, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú àfaradà. Ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀gá mẹkáníìkì àti gbogbo ọmọ iṣẹ́ yín, ọwọ́ yín ò ní rọ. Fọkanáísà ẹ̀bá títì, rewáyà, alágbẹ̀dẹ tó ń na irin sípíríìnì, gbogbo yín ni ìkíni yìí kàn. Hilux dísù tí Bàbá rà ní tíà rọ́bà ní 1996 ti pé ọgbọ̀n ọdún nínú ilé kan náà, lọ́wọ́ ẹni kan náà, lẹ́nu iṣẹ́ kan náà. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wálé lọ́jọ́ kìíní ló ṣì ń gbé e rìn títí di òní olónìí. Inú wa dùn, a ò sì ní fi ayọ̀ náà pamọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ọkọ̀ ni a ń ṣàjọyọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì mí gbọ́. Irin kò mọ̀ pé òun pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn tó mọ̀ ni mo ń kí. Owó lè ra ọkọ̀ tuntun lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò sí iye owó tó lè ra ọgbọ̀n ọdún ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, lówùúrọ̀ ṣáájú iṣẹ́, lálẹ́ lẹ́yìn oko, nígbà tí nǹkan kan ò tíì bàjẹ́, tí ẹlòmíì ì bá ti lọ sùn. Ohun tí Bàbá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń ṣe láti 1996 nìyẹn, iṣẹ́ náà sì yẹ ní kíkí gbangba.

Ẹni tí kò mọ ìlú wa lè rò pé ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Níbi tí títì bá tẹ́jú, bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ìdànrè kọ́. Nǹkan bí 20 kìlómítà ni a fi jìnnà sí Àkúrẹ́, ọ̀dà sì dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ ibi tí ọ̀dà parí sí ni iṣẹ́ ọkọ̀ Bàbá ti ń bẹ̀rẹ̀. Àpáta ló yí wa ká, àpáta kì í sì í mu omi. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè, gbogbo rẹ̀ ló ń ya wá sí ẹsẹ̀ òkè, á gba ojú ọ̀nà oko kọjá, á wa kòtò, á kó iyanrìn lọ síbì kan, á kó ẹrẹ̀ dà síbòmíì. Ọ̀nà tí ẹ gbà lánàá lè má sí níbẹ̀ mọ́ lónìí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn á dé, ẹrẹ̀ yẹn kan náà á gbẹ, á di eruku pupa tó ń wọ gbogbo ihò. Omi fún oṣù mélòó kan, eruku fún oṣù mélòó kan: ọ̀tá méjèèjì tí ẹ́ńjìnnì ní ló ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn lára ọkọ̀ ìlú wa láti ọdún dé ọdún.

Àwọn bàbá ńlá wa mọ̀ nípa ọ̀nà tó le. Orí òkè ni wọ́n ń gbé títí di nǹkan bí 1933 tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí a wà yìí. Ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé ṣì wà lókè níbẹ̀, àwọn àlejò sì ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ wò wọ́n. Ní 2007, Òkè Ìdànrè wọ inú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí wọ́n ń gbèrò láti fi kún ogún àgbáyé lọ́dọ̀ UNESCO. Nígbà tí ìlú ṣì wà lókè, orí àti ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń gbé ohun gbogbo. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ló mú kí táyà lè dé ẹnu ọ̀nà ilé, kòkó ló sì mú kí táyà ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, nítorí pé igbó ẹsẹ̀ òkè bá kòkó mu débi pé ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè wà lára àwọn tó ń pèsè kòkó jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà.

Ọkọ̀ Bàbá sì ní àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Bọ̀lẹ̀kájà onípákó wà níbẹ̀. Agbégilódò wà níbẹ̀, tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó. Lándirófà wà níbẹ̀, ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ fi han aráyé ní Amsterdam ní 1948, tí àwọn àgbà oko ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ni Pijó dé, 404 àti 504 tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ jọ ní 1975, Pijó di ọkọ̀ gbogbo ayé ní Nàìjíríà. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn. Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ ni Hilux ń gbà.

Oṣù Kẹta ọdún 1968 ni Toyota gbé Hilux àkọ́kọ́ jáde ní Japan. Ilé iṣẹ́ Hino ló ń tò ó jọ nígbà náà. Èyí tí Bàbá rà wà lára ìran karùn-ún, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Ẹ́ńjìnnì 3L ló wà nínú rẹ̀, dísù 2.8 lítà, kò ní tọ́bò, kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ jẹ́ irin gbọọrọ kan láti ọ̀tún dé òsì, sípíríìnì alábala ló sì gbé e dúró níwájú àti lẹ́yìn. Ó le lára bí a bá jókòó sínú rẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín, àwa tí a gbọ̀n jìgìjìgì nínú rẹ̀ lọ sí ilé ìwé mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀, gbogbo rẹ̀ ni ojú rí, gbogbo rẹ̀ ni sípánnà dé.

Ní 2003, àwọn elétò Top Gear lórí tẹlifíṣọ̀n BBC ra Hilux dísù àtijọ́ kan tó ti rìn jìnnà. Wọ́n fi í sílẹ̀ kí omi òkun bò ó, wọ́n fi irin ńlá gbá a, wọ́n dáná sun ún, wọ́n gbé e sórí ilé gogoro kan tí wọ́n sì fi ẹ̀tù wó ilé náà lulẹ̀. Mẹkáníìkì wọn lo irinṣẹ́ díẹ̀, kò pààrọ̀ sípéà pátì kankan, ẹ́ńjìnnì náà sì tún dáhùn. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Síbẹ̀, mo ní èrò tèmi: ìyà ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi jẹ ọkọ̀ yẹn. Ẹ fún mi ní ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún gba ọ̀nà oko Ìdànrè kọjá, tí mítà rẹ̀ ti kọjá 400,000 kìlómítà, tó sì ń jí láàárọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ẹni yẹn ni mo máa ṣe ìdọ̀bálẹ̀ fún.

Kí ló dé tí Bàbá fi yan dísù nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ti bẹntiróòlù? Wọ́n ti ṣàlàyé fún wa láìmọye ìgbà, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Dísù kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná, kò sì ní wáyà púlọ́ọ̀gì tí ọ̀rinrin lè wọ̀ nínú ẹrẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni pístìnnì máa ń fún pọ̀. Nínú 3L, afẹ́fẹ́ tó kún àyè ìdá 22 ni yóò há sínú àyè ìdá kan. Ooru rẹ̀ á kọjá 500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, nígbà náà ni nọ́súùlù á fọ́n epo sí i, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń fà láti ìsàlẹ̀. Nínú ẹrẹ̀, ẹ kò ní láti tẹ̀ ẹ́ kó máa ké. Ẹ kì í sáré nínú ẹrẹ̀ Ìdànrè. Ẹ máa ń fi jíà kékeré wọ inú rẹ̀, ẹ á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa rìn bí ó ṣe mọ̀ ọ́n rìn, ẹ á sì rí ara yín lódì kejì.

Owó dísù ti ga, ó ti wálẹ̀, ó tún ti ga. Ní Oṣù Kẹrin 2024, nígbà tí ilé ìfọpo Dangote gé e láti 1,200 náírà wá sí 1,000 lórí lítà kan, Bàbá ra dúrọ́ọ̀mù kan, ó sì kọrin wọlé. Ṣùgbọ́n kó wọ́n, kó má wọ́n, dísù ẹlẹ́gbin kò gbọdọ̀ wọ inú táǹkì yẹn láéláé. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibí ni ìdajì ọgbọ̀n ọdún yẹn wà.

Epo dísù kì í ṣe oúnjẹ ẹ́ńjìnnì nìkan, òun náà ló ń mú kí inú pọ́ọ̀ǹpù epo máa yọ̀. Irin inú pọ́ọ̀ǹpù yẹn bá ara wọn mu débi pé irun orí ènìyàn kò lè kọjá láàárín wọn. Bí omi bá wọ ibẹ̀, ìpáàrà dé. Bí kẹrosíìnì bá pọ̀ jù níbẹ̀, irin á máa họ irin. Ní àkókò kan tí epo ṣọ̀wọ́n, ẹnì kan ta epo olómi fún wa, ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń tu èéfín funfun. Bàbá kò tún yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n pa á síbi tó dúró sí, wọ́n ránṣẹ́ pe ọ̀gá mẹkáníìkì, wọ́n tú táǹkì sílẹ̀ pátápátá, wọ́n fọ ojú ọ̀nà epo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n pààrọ̀ fílítà, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ pọ́ọ̀ǹpù kékeré tó wà lórí ilé fílítà títí gbogbo afẹ́fẹ́ fi jáde. Sùúrù ọjọ́ yẹn ló gba pọ́ọ̀ǹpù wa là. Awakọ̀ mìíràn ì bá ti fi ipá wà á délé, ì bá sì ti sanwó pọ́ọ̀ǹpù tuntun.

Láti ìgbà náà, a máa ń fi aṣọ sẹ́ gbogbo epo tó bá wọ ọkọ̀ yẹn láti inú kẹ́ẹ̀gì. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tú ẹsẹ̀ fílítà díẹ̀ kí omi tó bá sùn sísàlẹ̀ lè jáde. Nígbà òjò, táǹkì kì í sùn ní òfìfo, nítorí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó wà nínú táǹkì òfìfo máa ń di omi lára irin ní òru. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gba owó kankan. Ojú àti ìrántí ni wọ́n gbà.

Ìrántí! Ìyá wa, ẹ dìde kí a rí yín. Ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù tó wà nínú dúróọ̀ yín, tí ẹ fi rọ́bà dì nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, òun ni mo kà sí irinṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo irinṣẹ́ ilé yìí. Ọjọ́ tí a yí ọ́ìlì, iye tí mítà kà, iye tí fílítà jẹ́, ẹni tó ṣe é, ohun tó sọ. Gbogbo 5,000 kìlómítà ni ọ́ìlì ń jáde, nígbà òjò kó tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ka ìwé yẹn láti ojú ewé àkọ́kọ́ á rí ìtàn náírà fúnra rẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì bá sọ pé ó dà bíi pé bẹ́líìtì ti pẹ́, Ìyá kì í jiyàn, wọ́n á kàn ṣí ìwé. Bẹ́líìtì táímíìnì inú 3L, gbogbo 100,000 kìlómítà ni ó yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá já lójú ọ̀nà, fáálù á gbá pístìnnì, ọ̀rọ̀ á sì bẹ́yìn yọ. Tiwa kò já rí. Kò já rí nítorí pé ẹnì kan kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Ìyá yìí kan náà ló ṣe òfin omi kòkó. Ẹni tó bá ń gbé kòkó tútù láti oko wá sílé mọ̀ pé omi dídùn tó ń jáde lára rẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń kan. Ṣúgà inú rẹ̀ á di ọtí, ọtí á di kíkan, kíkan yẹn a sì máa jẹ irin. Mo ti rí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí ilẹ̀ rẹ̀ ti lu bí ajere nítorí omi kòkó. Nílé wa, ọkọ̀ kì í bá omi kòkó sùn. Bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó, a ó fa omi kànga, a ó fọ ẹ̀yìn rẹ̀, a ó ṣí ihò tí omi ń gbà jáde ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó gbé pákó tí a tẹ́ síbẹ̀ dúró kó lè gbẹ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kun abẹ́ ṣáàsí ní ọ́ìlì kọ̀ǹdẹ́ḿù kí ìpáàrà má baà ríbi dúró. Gbogbo àwa ọmọ ilé yìí la ti fọ ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú oorun lójú. Ẹ ṣeun, Ìyá. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣì le koko.

Bàbá ní tiwọn ní òfin omi rédíétọ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹbí L ti Toyota, 2L àti 3L, kò fẹ́ràn ooru àpọ̀jù rárá. Bó bá gbóná kọjá ààlà, tọ́ọ̀pù rẹ̀ á sán, iṣẹ́ ńlá sì nìyẹn. Nítorí náà kò sí òwúrọ̀ tí wọn kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo omi, wo ọ́ìlì, fọwọ́ kan bẹ́líìtì fáànù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá ń fò, wọ́n á tún yọ fílítà afẹ́fẹ́, wọ́n á gbọn ọ́n, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ wò. Gírísì ń wọ gbogbo oríkèé ọ̀pá tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Fíríwíìlì tó wà lẹ́nu ẹsẹ̀ iwájú, tí a ń fi ọwọ́ yí kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó lè fà, wọ́n ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, kí ọ́ìlì lè dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í sílẹ̀ títí òjò á fi dé. Ọjọ́ tí wọ́n bá nílò rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ti gan.

Ọ̀gá mẹkáníìkì, mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí n dárúkọ yín, mi ò sì ní dárúkọ. Ọmọ iṣẹ́ ni yín nígbà tí ọkọ̀ yìí dé Àlàdé, ẹ̀yin lẹ máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún ọ̀gá yín. Ní báyìí, ẹ̀yin lọ̀gá, àwọn tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ yín sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, títí dé Ọ̀wẹnà àti Òfosù. Ara ọkọ̀ yìí ni gbogbo wọn ti kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ èdè dísù. Ẹ ti kọ́ wọn láti fi orí sukurúdíráfà gígùn sára ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi etí sí ìdí rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ èwo nínú nọ́súùlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń kanlẹ̀ jù. Ẹ ti kọ́ wọn láti máa tú nọ́ọ̀tì nọ́súùlù níkọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: èyí tí ẹ tú tí ìró ẹ́ńjìnnì kò yí padà, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Kò sí kọ̀ǹpútà tó sọ èyí fún yín. Ọwọ́ ló fi lé ọwọ́.

Àwọn mẹkáníìkì wa sì mọ ọjà. Wọ́n mọ Ládìípọ̀ ní Mushin, wọ́n mọ Àràròmí ní Ìbàdàn, wọ́n mọ ibi tí Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn sípéà tòkúnbọ̀, ti sàn ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú páálí lọ. Èmi gbà pẹ̀lú wọn. Nọ́súùlù tòkúnbọ̀ tó jẹ́ ojúlówó sàn ju tuntun ayédèrú lọ ní ìgbà mẹ́wàá. Bàbá kì í sì í rán ẹnikẹ́ni lọ sọ́jà lọ́wọ́ òfìfo; sípéà àtijọ́ á wà nínú báàgì, kí wọ́n fi wé èyí tí wọ́n fẹ́ rà, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè: kò sí ohun tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ yẹn tí wọn ò kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ ò bi mí pé kí ni ọkọ̀ náà ti ṣe fún wa? Àpò kòkó 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, tọ́ọ̀nù kan sì ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbé láìkùn. Lẹ́yìn tí ìjọba ti tú Cocoa Board ká ní 1986, tí olúkúlùkù ń wá ẹni tí yóò tà fún, àgbẹ̀ tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ kì í dúró de ẹni tí yóò wá fi owó kékeré kó kòkó rẹ̀ lóko. Ó lè gbé e dé Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ kó gbọ́ iye tí wọ́n ń pè é níbẹ̀. Agbára tí Hilux yẹn fún Bàbá nìyẹn, kì í sì í ṣe Bàbá nìkan: kòkó àwọn aládùúgbò oko wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Owó ilé ìwé wa gbogbo ti ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn jáde. Ó ti gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti gbé sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi kọ́ ilé ìjọsìn, ó ti gbé àpótí wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó ti gbé ẹrù ìyàwó pẹ̀lú ìlù lẹ́yìn rẹ̀, ó ti gbé àlejò ọdún Orósùn tí ọkọ̀ wọn kò lè gòkè. Ó gbé aboyún lóru jáde láti abúlé oko nígbà tí odò kún, ìyá àti ọmọ sì délé láyọ̀. Ọmọ yẹn ti di géńdé, ó wà lára àwọn tó ń gbé àga síta fún àríyá yìí.

Nígbà tí owó kòkó fò sókè lágbàáyé, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là ní New York ní Oṣù Kejìlá 2024, ọkọ̀ tuntun wọ Ìdànrè lọ́tùn-ún lósì. Ó dára bẹ́ẹ̀! Àgbẹ̀ jẹ èrè òógùn rẹ̀, a bá wọn yọ̀. Àwọn kan wá bá Bàbá pé kí wọ́n ta arúgbó yìí, wọ́n sì mú owó tó tóbi wá. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n fún wọn ní ọtí, wọ́n sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Mi ò kẹ́gàn àwọn tuntun o. Wọ́n lágbára jù, ìjókòó wọn rọ̀, kọ̀ǹpútà wọn ń ṣe ìṣirò epo lọ́nà tí tiwa kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n epo olómi tí tiwa fara dà lọ́jọ́sí, nọ́súùlù tiwọn kò ní fara dà á, owó tí yóò sì gbà kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ ra tuntun, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ka ìwé Ìyá kí ẹ tó wakọ̀ yín wọ oko. A fẹ́ bá yín ṣe ọgbọ̀n ọdún tiyín náà.

Bàbá, ẹ gba ọpẹ́ wa. Ẹ kọ́ wa pé ohun tí ènìyàn bá ní yẹ ní títọ́jú. Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wà báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹ ó jókòó níwájú ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ ọ̀tún awakọ̀, ẹ ó máa pàṣẹ. Nítorí pé gbogbo wa ti gbọ́ ọ: ọwọ́ àbúrò wa obìnrin ni kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀. Òun ló jókòó ti ọ̀gá mẹkáníìkì ní gbogbo ìsinmi, òun ló mọ ìwé Ìyá lórí, òun ló sì lè wà á jáde nínú ẹrẹ̀ ju gbogbo àwa ọkùnrin lọ. Ẹ kú oríire, Àǹtí Awakọ̀! Bẹ́líìtì táímíìnì mìíràn ti wà nílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ti ṣe abala sípíríìnì tuntun fún ẹsẹ̀ òsì. Táyà méjì ẹ̀yìn á di tuntun kí Oṣù Kẹwàá tó dé, nígbà tí kòkó ńlá bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òun ló sì máa gbé tọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ dé Àkúrẹ́.

Ní Sátidé, ẹ máa bọ̀ ní Àlàdé. Iyán á wà, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ẹlẹ́ran ìgbẹ́ á wà, ẹmu á wà fún ẹni tí kò bá ní wakọ̀ padà. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ lè jó nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ti pinnu láti to píkọ́ọ̀pù wọn láti ìsàlẹ̀ Òkè títí dé ẹnu ọ̀nà wa, kí gbogbo wọn fun fèrè lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí arúgbó wa bá jáde. Onílù ti gbowó ìṣáájú. Ẹ wá, ẹ wá, ẹ wá bá wa jó!